496 la fi yọ ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù lára sódíọ̀mù, 349 ni klórínì dá padà: níbo ni 147 tó kù ti wá?

Àǹtí_Oníṣirò:

Ẹ kú ìjókòó o, ẹ̀yin tí ẹ gbọ́ kẹ́mísìrì. Ìbéèrè kan ń jẹ mí lọ́kàn, gbogbo ẹni tí mo sì bi ló ń sọ fún mi pé bẹ́ẹ̀ ni wọ́n kọ ọ́ sínú ìwé. Irú èsì yẹn ti sú mi.

Iṣẹ́ ìṣirò owó ni mò ń ṣe. Ó ti pẹ́ gan-an tí mo ti dágbére fún kẹ́mísìrì, àmọ́ ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ń múra ìdánwò, èmi ni wọ́n sì ní kí n máa bá a ka orí tó dá lórí ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù, áyọ́ọ̀nù (átọ́ọ̀mù tó ti pàdánù tàbí gba ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù) àti ìdè tó ń so átọ́ọ̀mù pọ̀. Àrùn kan wà tó máa ń ṣe àwa tí a ń ṣírò owó: bí iye kan bá ṣẹ́kù tí kò ní àlàyé, a ò ní lè fojú ba oorun.

Ohun tí ìwé sọ ò le. Sódíọ̀mù ní ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù 11: méjì ní ipele inú, mẹ́jọ ní èyí tó tẹ̀ lé e, ọ̀kan ṣoṣo níta. Klórínì ní 17: méjì, mẹ́jọ, méje. Wọ́n ní sódíọ̀mù fẹ́ kí ọ̀kan tó wà níta yẹn máa lọ, klórínì sì fẹ́ ọ̀kan kún méje tirẹ̀, ni tibí bá fún tọ̀hún, inú tọ̀tún-tòsì dùn. Na⁺ dé, Cl⁻ dé, ìdè áyọ́ọ̀nù dé. Kíá ni ọmọ náà ti há a sórí.

Èmi ni mi ò jẹ́ kó parí síbẹ̀. Mo ṣí ẹ̀yìn ìwé níbi tí wọ́n to àwọn iye sí. Láti fa ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù ìta kúrò lára sódíọ̀mù tó wà ní ipò gáàsì, ènìyàn gbọ́dọ̀ fi 496 kJ (kílójúùlù, ìwọ̀n agbára) sílẹ̀ fún móòlù kan (iye átọ́ọ̀mù kan pàtó tí wọ́n fi ń ṣe ìṣirò). Fi sílẹ̀ o, kì í ṣe pé sódíọ̀mù máa fún wa ní nǹkan kan. Bí klórínì bá gba ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù yẹn, 349 kJ ló ń tú sílẹ̀. Mo yọ èyí kúrò nínú tọ̀hún: 147 kJ ló kù tí ẹnikẹ́ni ò san. Bó bá jẹ́ àkọsílẹ̀ owó ilé iṣẹ́ nìyí, wọ́n á ti pè mí wá ṣàlàyé.

Bẹ́ẹ̀ sì rèé, bí sódíọ̀mù gbígbóná bá kan gáàsì klórínì, ṣe ló ń jó, iná rẹ̀ á mọ́lẹ̀ yòò, ooru á sì jáde rẹpẹtẹ. Bí gbèsè 147 bá wà nílẹ̀, ibo ni ooru yẹn ti wá? Ẹni tó jẹ gbèsè kì í ná owó báyẹn. Ó yẹ kí àdàpọ̀ wọn máa fa ooru mọ́ra ni, kó máa tutù.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹni tó bá mọ̀ ọ́n kó fi iye sọ ọ́ fún mi. Kí ẹnikẹ́ni má sọ pé átọ́ọ̀mù fẹ́ èyí, kò fẹ́ tọ̀hún. Mi ò tíì rí átọ́ọ̀mù tó ní ìfẹ́-inú.

Ọmọ_Sáyẹ́ǹsì:

Àǹtí, ẹ kú iṣẹ́ mà. Òfin mẹ́jọ (pé ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù mẹ́jọ ló ń kún ipele ìta) ló fà á. Gbogbo átọ́ọ̀mù ló ń wá bí ipele ìta rẹ̀ ṣe máa kún bíi ti àwọn gáàsì adágbé, néọ̀nù, ágọ́ọ̀nù àti àwọn ẹgbẹ́ wọn. Sódíọ̀mù tó bá pàdánù ọ̀kan ti ní mẹ́wàá bíi néọ̀nù, klórínì tó gba ọ̀kan ti ní 18 bíi ágọ́ọ̀nù. Ìgbà yẹn ni ara wọn máa ń balẹ̀. Nínú ìdánwò, ẹ ní kí ọmọ náà kọ “kí ipele ìta lè kún”, máàkì rẹ̀ á pé. Àwọn iye ẹ̀yìn ìwé yẹn, wọn kì í sábà béèrè wọn.

Àǹtí_Oníṣirò:

O ṣeun, àbúrò mi. Ọmọ náà ti gba máàkì tirẹ̀, èmi ni mò ń wá tèmi. Bí ìbàlẹ̀ ara bá wà nínú kí ipele kún, ó yẹ kó hàn nínú iye. Sódíọ̀mù ti di mẹ́wàá bíi néọ̀nù lóòótọ́, síbẹ̀ 496 ló ná wa kó tó dé ibẹ̀. Ìbàlẹ̀ ara wo ló ń jẹni ní gbèsè?

Tíṣà_Àtijọ́:

Oníṣirò, o káre. Ọ̀pọ̀ ọdún ni mo fi kọ́ àwọn ọmọ ní kẹ́mísìrì kí n tó fẹ̀yìn tì, àwọn tó bi mí ní ìbéèrè yìí kò pọ̀ rárá. Ọmọ_Sáyẹ́ǹsì, ìwọ náà kú ìgbìyànjú, àmọ́ òfin mẹ́jọ kàn ń sọ bí ìparí ọ̀rọ̀ ṣe máa ń rí ni, kò sọ ohun tó fà á. Mi ò sì ní fi ìgbéyàwó ṣàpèjúwe fún ẹnikẹ́ni o, bí àwọn olùkọ́ kan ti fẹ́ràn láti máa ṣe. Iye ni wọ́n béèrè, iye ni n ó kó kalẹ̀.

Ìyọkúrò tí o ṣe tọ̀nà. Sódíọ̀mù kì í fi ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù rẹ̀ sílẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́. Prótọ́ọ̀nù 11 ló wà nínú núkílíọ́ọ̀sì rẹ̀ (àárín gbùngbùn átọ́ọ̀mù), ṣáájì pọ́sítíìfù ni gbogbo wọn ní, wọ́n sì ń fa ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù ìta yẹn sọ́dọ̀. Mẹ́wàá tó wà nínú ló dí wọn lọ́nà, ìyẹn ló jẹ́ kí ìdìmú náà dẹ̀. Ó dẹ̀ lóòótọ́, síbẹ̀ ìdìmú ṣì ni, 496 yẹn gan-an sì ni ìwọ̀n rẹ̀. Ká ní o lè gbé átọ́ọ̀mù sódíọ̀mù kan síhìn-ín, kí o gbé klórínì kan sí ọ̀nà jíjìn réré, títí láé ni wọ́n máa wà bẹ́ẹ̀. Ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù kankan ò ní fò láti ibì kan sí ìkejì. Gbèsè 147 tí o rí ni kò ní jẹ́ kó ṣeé ṣe.

Ibi tí ọ̀rọ̀ wà rèé: áyọ́ọ̀nù tó dá wà, tí kò ní alábàágbé kankan nítòsí, ni wọ́n fi wọn 496 àti 349. Na⁺ àti Cl⁻ kì í sì í dá wà báyẹn. Pọ́sítíìfù ń fa nẹ́gátíìfù, bí wọ́n bá sì ṣe ń sún mọ́ra ni agbára ń tú jáde. Ọmọ ilẹ̀ Faransé kan, Coulomb, ti fi òfin rẹ̀ lélẹ̀ láti 1785: bí àlàfo bá dín kù sí ìdajì, agbára tó ti tú jáde látìgbà tí wọ́n ti jìnnà síra á di ìlọ́po méjì. Ṣe ìṣirò yẹn fún Na⁺ kan àti Cl⁻ kan, wàá rí i pé bí wọ́n bá ti sún mọ́ra dé nǹkan bíi 0.94 nánómítà (nánómítà kan jẹ́ ìdá kan nínú bílíọ̀nù mítà), ìfàmọ́ra náà ti tú 147 jáde. A ti san gbèsè rẹ kí wọ́n tó fara kanra rárá! Láti ibẹ̀ lọ, èrè ni gbogbo rẹ̀.

Nínú kírísítà sódíọ̀mù klóráìdì, 0.282 nánómítà péré ló wà láàárín Na⁺ àti Cl⁻ tó sún mọ́ ọn jù. Ọ̀kan sí ọ̀kan ní àlàfo yẹn á tú nǹkan bíi 490 kJ jáde fún móòlù kan. Ṣùgbọ́n wọn kì í wà ní méjì-méjì. Cl⁻ mẹ́fà ló yí Na⁺ kọ̀ọ̀kan ká: òkè, ìsàlẹ̀, ọ̀tún, òsì, iwájú, ẹ̀yìn. Lẹ́yìn wọn ni Na⁺ méjìlá tó ń tì í padà, láti ibi tó jìnnà díẹ̀ sí i. Lẹ́yìn ìyẹn, Cl⁻ mẹ́jọ tún ń fà á. Bí a bá ro gbogbo fífà àti títì yìí pọ̀ lọ sí ìta láìdúró, ìfàmọ́ra ló borí, ó sì tó nǹkan bí ìlọ́po 1.75 ti ọ̀kan sí ọ̀kan. A ó yọ díẹ̀ kúrò nínú rẹ̀ nítorí pé ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù inú wọn kì í jẹ́ kí wọ́n wọnú ara wọn. Ohun tó ṣẹ́kù ni 787 kJ fún móòlù kan.

787 yìí ni ìlà tí kò sí nínú ìwé owó rẹ. Wàá rí i ní ẹ̀yìn ìwé, níbi tí wọ́n kọ agbára ìtò kírísítà sí.

Bí a ó bá pa ìwé náà dé bó ṣe yẹ, ìlà méjì míì tún wà, nítorí pé sódíọ̀mù gidi kì í ṣe gáàsì, klórínì gidi náà kì í ṣe átọ́ọ̀mù kọ̀ọ̀kan. Mẹ́tàlì líle ni sódíọ̀mù, a máa ná 107 láti sọ ọ́ di gáàsì. Cl₂ ni klórínì ń jẹ́ nínú ìgò, a sì máa ná 122 láti fọ́ ìdè tó so méjì pọ̀ ká lè rí móòlù kan átọ́ọ̀mù rẹ̀. (Kí ọmọ náà kíyè sí ìyẹn dáadáa: fífọ́ ìdè máa ń gba agbára, kì í tú u jáde. Ọ̀pọ̀ ìdánwò ni àwọn ọmọ ti ń kọ ọ́ sódì.) Wàá wá kọ 107, 122 àti 496 síbi tí a ti náwó, àròpọ̀ wọn jẹ́ 725. Kọ 349 àti 787 síbi tí owó ti wọlé. Yọ ọ́ wò.

Max Born àti Fritz Haber ni wọ́n to ìṣirò yìí lẹ́sẹẹsẹ báyìí ní Jámánì ní 1919, orúkọ àwọn méjèèjì ló sì ń jẹ́ títí dòní.

N ó fi kan kún un nítorí ọmọ náà. Kò sí ohun tó ń jẹ́ mólékù NaCl nínú iyọ̀ líle. Na⁺ wo ni ti Cl⁻ wo? Mẹ́fà ló yí i ká, kò sí èyí tó lè sọ pé òun ló ni í. William Lawrence Bragg ló fi ìtànṣán X rí i bẹ́ẹ̀ ní 1913, ọmọ ọdún 23 ni. Ọdún méjì lẹ́yìn náà ni òun àti bàbá rẹ̀ jọ gba ẹ̀bùn Nobel. Kò wọ àwọn àgbà kan létí o. Ní 1927, Henry Armstrong, ògbóǹtarìgì onímọ̀ kẹ́mísìrì ní Gẹ̀ẹ́sì, ṣì ń fi ìbínú kọ̀wé sínú ìwé ìròyìn Nature láti ta ko ọ̀rọ̀ náà. Nítorí náà, bí ọmọ náà bá ya Na àti Cl kan ṣoṣo tí wọ́n di ọwọ́ mú, ní kó pa á rẹ́.

Àǹtí_Oníṣirò:

Ẹ ṣeun sà. Ẹ ṣeun gan-an ni. 725 la ná, 1,136 ló wọlé, èrè 411. Mo wo ibòmíràn nínú ìwé níbi tí wọ́n kọ ooru tó ń jáde bí sódíọ̀mù àti klórínì bá di iyọ̀, 411 kJ ni wọ́n kọ síbẹ̀. Mo pariwo débi pé ọmọ náà sáré wọlé.

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n tún béèrè sà, ẹ má bínú. Bó bá jẹ́ pé ìtò kírísítà ló ń sanwó, ṣáájì tó bá pọ̀ sí i ń fa ara wọn sí i nìyẹn. Kí ló dé tí sódíọ̀mù ò wá yọ̀ǹda ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù kejì, kó di Na²⁺, kó mú klórínì méjì? Magnẹ́síọ́ọ̀mù tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ nínú tábìlì ń ṣe é.

Èkejì: háídrójìn àti háídrójìn, ta ló ń fún ta? Ìwé ní wọ́n “ń jọ pín in”. Èrè wo ló wà nínú kí ènìyàn méjì jọ pín ohun tí àwọn méjèèjì ti ní tẹ́lẹ̀?

Tíṣà_Àtijọ́:

Èkejì yẹn, mo mọ ẹnì kan níbí tó ń ṣiṣẹ́ ní làbù, òun ni kó dáhùn. Ti àkọ́kọ́, ìwọ fúnra rẹ lo máa ṣe é. Fún magnẹ́síọ́ọ̀mù: 147 láti sọ ọ́ di gáàsì, 738 fún ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù kìíní, 1,451 fún ìkejì, 243 láti fọ́ móòlù kan Cl₂. Klórínì méjì á dá 349 padà lẹ́ẹ̀mejì, ìtò kírísítà MgCl₂ á tú nǹkan bíi 2,524 jáde.

Lẹ́yìn náà kí o ṣe ti NaCl₂ tí kò sí láyé, kí o sì yá ìtò kírísítà magnẹ́síọ́ọ̀mù fún un, nítorí pé áyọ́ọ̀nù méjèèjì kò ní jìnnà síra ní títóbi. Iye kan ṣoṣo tó yàtọ̀ gan-an ni ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù kejì sódíọ̀mù: 4,562. Ohun tó fà á ni pé ipele ìta ti tán, inú ipele kejì la ti máa lọ mú un, níbi tó ti sún mọ́ núkílíọ́ọ̀sì, tí méjì péré ló wà láàárín wọn láti dí i lọ́nà. Ibi tí òfin mẹ́jọ ti wá nìyẹn. Kì í ṣe pé mẹ́jọ ní àdúrà kan lórí. Ẹ̀yìn rẹ̀ ni iye ti máa ń fò sókè lójijì.

Bí o bá sì ṣì fẹ́ ohun tó máa ta ọ̀rọ̀ “fẹ́” yẹn dànù pátápátá, wo ọ́síjìn. Tó bá gba ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù kìíní, ó ń tú 141 jáde. Ìkejì tó máa jẹ́ kó pé mẹ́jọ, tipátipá la fi ń kó o sí i lára, a máa ná ohun tó ju 700 kJ lọ, nítorí O⁻ ti jẹ́ nẹ́gátíìfù, nẹ́gátíìfù sì ń lé nẹ́gátíìfù. O²⁻ tó dá wà ní gáàsì kì í pẹ́ kó tó tú ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù náà dànù. Àmọ́ ó wà nínú magnẹ́síọ́ọ̀mù ọ́ksáìdì, ó sì fìdí múlẹ̀ níbẹ̀ débi pé kó tó di 2,852 °C kò ní yọ́. Iyọ̀ ní tirẹ̀ ti yọ́ ní 801 °C. Méjì sí méjì ni ṣáájì tibẹ̀, ọ̀kan sí ọ̀kan ni ti iyọ̀.

Aráalé_Làbù:

Ẹ káalẹ́ Bàbá Tíṣà. Àǹtí, ẹ káalẹ́ mà. Mo ti ń ka ọ̀rọ̀ yìí bọ̀ látòkè, ó ń dùn mọ́ mi.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ wò ó bóyá háídrójìn lè ṣe bíi ti sódíọ̀mù. Láti fa ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù rẹ̀ ṣoṣo yọ, 1,312 kJ la máa ná. Háídrójìn kejì tó bá gbà á, 73 péré ló máa dá padà. Gbèsè 1,239 rèé! Ọ̀nà yẹn ti dí. Àwọn méjèèjì sì ń fa ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù bákan náà, kò sí ẹni tó máa borí ẹnìkejì.

Èrè tó wà nínú jíjọ pín in kò sí nínú iye ohun tí wọ́n ní, ibi tí ó wà ni wọ́n fi ń jèrè. Kí wọ́n tó pàdé, prótọ́ọ̀nù kan ṣoṣo ló ń fa ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù kọ̀ọ̀kan. Bí wọ́n bá pàdé, ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù méjèèjì á máa wà láàárín prótọ́ọ̀nù méjì, prótọ́ọ̀nù méjèèjì á sì máa fa ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn. Agbára wọn á wálẹ̀, ìyókù á jáde. Bí wọ́n bá wá sún mọ́ra jù, prótọ́ọ̀nù á bẹ̀rẹ̀ sí í ti prótọ́ọ̀nù. Ibi tí fífà àti títì ti dọ́gba ni wọ́n dúró sí: 0.074 nánómítà, pẹ̀lú 436 kJ tó ti jáde fún móòlù kan. Ẹ rí i pé ìfàmọ́ra ṣáájì kan náà tí Bàbá sọ nípa rẹ̀ ṣì ni. Kò sí agbára tuntun kankan tó wọlé.

Gilbert Lewis, ará Amẹ́ríkà, ló gbé èrò ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù méjì-méjì yìí jáde ní 1916. Àwọn tóótòòtó tí wọ́n ń kì yí lẹ́tà átọ́ọ̀mù ká nínú ìwé ọmọ yín, tirẹ̀ ni. Ọ̀pọ̀ ìgbà ni wọ́n dábàá rẹ̀ fún Nobel, wọn ò fún un rí. Ó ṣì ń dùn mí fún un.

Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ fi sọ́kàn ni pé kò sí ògiri láàárín ìdè áyọ́ọ̀nù àti ìdè àjọpín. Ìwé a máa pín in sí orí méjì, ó wá ń dà bí ìlú méjì tó ní bodè. Ní 1932, Linus Pauling fún ẹ́límẹ́ǹtì kọ̀ọ̀kan ní iye tó ń sọ bó ṣe ń fa ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù ìdè sọ́dọ̀ ara rẹ̀. Gẹ́gẹ́ bí tábìlì tí à ń lò lónìí, sódíọ̀mù gba 0.93, háídrójìn 2.20, klórínì 3.16, flúórínì tó ga jù gba 3.98. Klórínì sí klórínì, ìyàtọ̀ kò sí, wọ́n jọ pín in dọ́gba. Klórínì sí sódíọ̀mù, ìyàtọ̀ jẹ́ 2.23, klórínì ti kó fẹ́rẹ̀ẹ́ gbogbo rẹ̀. Klórínì sí háídrójìn, 0.96: wọ́n jọ pín in, àmọ́ klórínì gba èyí tó pọ̀ jù, ẹ̀gbẹ́ tirẹ̀ wá jẹ́ nẹ́gátíìfù díẹ̀, ẹ̀gbẹ́ háídrójìn jẹ́ pọ́sítíìfù díẹ̀.

HCl yìí ni mo fẹ́ràn jù láti fi han àwọn tó bá wá sí làbù. Tú u sínú tolúìnì gbígbẹ (kẹ́míkà ṣíṣàn kan, tí kò sí omi nínú rẹ̀), ki wáyà méjì bọ̀ ọ́, gílóòbù ò ní tàn. Tú u sínú omi, gílóòbù tàn. HCl kan náà ni o! Nínú tolúìnì ó ṣì wà ní mólékù. Nínú omi, H⁺ rẹ̀ ti lọ mọ́ omi, Cl⁻ sì ti dá dúró, àwọn áyọ́ọ̀nù wọ̀nyí ló ń gbé iná kọjá. Bí ẹ bá fẹ́ iye, Àǹtí: láti já HCl sí H⁺ àti Cl⁻ ní gáàsì, 1,395 kJ ló máa ná yín. Ta ló ń san án nínú omi? Omi fúnra rẹ̀. Mólékù omi tẹ̀ ní 104.5°, ẹ̀gbẹ́ ọ́síjìn rẹ̀ jẹ́ nẹ́gátíìfù díẹ̀, wọ́n á rọ̀gbà yí H⁺ ká, wọ́n á yí Cl⁻ ká, agbára tó sì ń jáde nínú ìyẹn ju 1,395 lọ. Iṣẹ́ tí ìtò kírísítà ń ṣe fún iyọ̀ ni omi ń ṣe fún HCl.

Iyọ̀ líle náà kì í gbé iná o, bó tilẹ̀ kún fún áyọ́ọ̀nù, torí pé wọn ò lè kúrò lójú kan. Ẹ yọ́ ọ tàbí kí ẹ tú u sínú omi, ó di dandan kó gbé e.

Ọmọ_Sáyẹ́ǹsì:

Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, bí sódíọ̀mù bá wà nínú omi iyọ̀, kí ló dé tí kì í bú gbàù? Sódíọ̀mù tí wọ́n ń jù sínú omi lórí fídíò máa ń bú.

Tíṣà_Àtijọ́:

Ìbéèrè tí wọ́n fi ta ko Svante Arrhenius nìyẹn gẹ́lẹ́. Ní 1884 ló kọ ọ́ ní Sweden pé iyọ̀ ti pín sí áyọ́ọ̀nù nínú omi kí ẹnikẹ́ni tó fi iná mànàmáná kan án. Ìpele ìsàlẹ̀ ni àwọn olùkọ́ rẹ̀ ní yunifásítì fi í sí, àwọn èèyàn sì ń béèrè ibi tí sódíọ̀mù tó ń bú gbàù wọlé sí. Ní 1903 wọ́n fún un ní Nobel.

Èsì rẹ̀ rèé: ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù ìta yẹn ló ń bá omi jà. Átọ́ọ̀mù Na ṣì ní in. Na⁺ kò ní in mọ́, kò sí ohun tó máa fún omi. Prótọ́ọ̀nù 11 ló wà nínú àwọn méjèèjì, ṣùgbọ́n ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù kan ṣoṣo ti sọ wọ́n di ohun méjì tí kò bára tan. Títóbi wọn gan-an yàtọ̀: rédíọ́ọ̀sì Na jẹ́ 186 píkómítà (0.186 nánómítà), ti Na⁺ jẹ́ 102.

Àǹtí_Oníṣirò:

Mo ti ṣe iṣẹ́ àṣetiléwá mi sà.

MgCl₂: a ná 2,579, ohun tó wọlé jẹ́ 3,222, èrè 643. Ìwé kọ 641. Mo fi 2 jì wọ́n.

NaCl₂: 107, 496, 4,562 àti 243, àròpọ̀ 5,408. Ohun tó wọlé ṣì jẹ́ 3,222. Gbèsè 2,186! Kò sí ẹni tó máa yá a. Ó ti yé mi ìdí tí sódíọ̀mù fi ń dúró sórí ọ̀kan, láìsí ọ̀rọ̀ ìfẹ́ nínú rẹ̀. Ọmọ náà ní òun náà fẹ́ ṣe ti álúmíníọ́ọ̀mù lọ́la, mo ní kó máa wá iye rẹ̀ sílẹ̀.

Aráalé_Làbù:

Ẹ káre mà! Kí ẹ tó ti ìwé owó NaCl₂ yẹn pa, ẹ gbọ́ eléyìí. Gbogbo iye tí a lò níbí jẹ́ ti ayé bó ṣe wà lábẹ́ afẹ́fẹ́ tí à ń mí. Ní 2013, ìwé ìròyìn Science gbé iṣẹ́ àwọn kan jáde tí wọ́n fi sódíọ̀mù klóráìdì sáàárín dáyámọ́ńdì méjì, pẹ̀lú klórínì tàbí sódíọ̀mù tó pọ̀ jù, tí wọ́n fún un mọ́lẹ̀ pẹ̀lú agbára tó ju ìlọ́po 200,000 ti afẹ́fẹ́ lọ, tí wọ́n sì fi lésà mú un gbóná. Ohun tó jáde ni NaCl₃ àti Na₃Cl. Sódíọ̀mù ò di Na³⁺ o, 4,562 yẹn ṣì wà níbi tó wà. Àwọn klórínì ló so mọ́ ara wọn nínú NaCl₃.

Ẹ kìlọ̀ fún ọmọ náà kó má kọ ọ́ sínú ìdánwò.